Ṣòkòtò Àgbàbọ̀

Ìwé mẹ́rìnlélógójì ni mo kó relé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ SS2 tí mò ń kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níbí ní Ìpetumodù ló ni wọ́n. Iṣẹ́ tí mo fún wọn ò le: kí kálukú kọ ìtàn ọjọ́ kan tí kò lè gbàgbé. Kí n tó ka ìwé kẹwàá tán, inú mi ti bàjẹ́. Òwúrọ̀ Sátidé kan náà ló mọ́ nínú gbogbo wọn, oòrùn kan náà ló ràn, ẹyẹ kan náà ló ń kọrin lórí igi. Bàbá gbogbo wọn ló ní mọ́tò. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé ìdílé àwọn lọ gbafẹ́ létí òkun l'Ékòó, ìgbì sì fẹ́ gbé àbúrò òun lọ. Mo mọ ọmọ yìí dáadáa. Ìyá àgbà rẹ̀ tó ń mọ ìkòkò ló ń tọ́ ọ. Kò fojú kan òkun rí.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gé òwe náà. Wọ́n gbé fífún kojú ṣíṣo, wọn ò sì fi àlàfo kankan sílẹ̀ láàárín méjèèjì tí ẹni tó yá ṣòkòtò lè gbà yọ. Lẹ́yìn náà ni rẹ́múrẹ́mú wá dé, ohùn òkè mẹ́rin tó tẹ̀ lé ara wọn láìsí ibi tó wó tàbí tó ká, bí aṣọ tó jókòó sára. Wọn ò sì sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ ò dára o. Ó lè jẹ́ àrán. Ẹsẹ̀ tó wọ̀ ọ́ ni kì í ṣe tirẹ̀.

Inú ìwé àròkọ tí wọ́n ti kọ kalẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń yá tiwọn. Wọ́n á há a sórí títí ìdánwò WAEC á fi dé. Nínú ìdánwò náà, àròkọ kan tó tó 450 ọ̀rọ̀ gba máàkì 50: 10 fún kókó, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún àkọtọ́ àti gírámà. Àwọn ọmọ gbà pé ọ̀rọ̀ ńláńlá ni 20 yẹn wà fún. N kò bínú sí wọn. Ẹni tí kò bá yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn yunifásítì lè tì mọ́ ọn lójú, ẹni tẹ́rù sì ń bà á rọ̀ mọ́ ohun tó bá rí. Àmọ́ èdè wa ti sọ iṣẹ́ yìí lórúkọ: àròkọ, ohun tí a rò kí a tó kọ ọ́. Èyí tí wọ́n mú wá fún mi yẹn, àwòkọ ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo pe ọmọbìnrin náà sídìí igi máńgòrò. Mo ní, "Láìpurọ́, ọjọ́ wo lo ò lè gbàgbé?"

Ó wolẹ̀ títí. "Ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́dìí iná ni, sà."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Wọ́n ti to ìkòkò sórí ilẹ̀ gbalasa, wọ́n ti kó igi àti koríko gbígbẹ bò ó, iná ti ràn. Ni òjò bá ṣú láti ọ̀nà Gbọ̀ngán. Ìyá àgbà fa páànù kan yọ lára ògiri ilé ìdáná, àwọn méjèèjì gbé e dání lókè iná náà, páànù ń gbóná mọ́ wọn lọ́wọ́, ìkòkò ń dún pàù, pàù lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí n rí i.

"Kí ni ìyá àgbà wá ṣe?"

"Wọn ò sunkún, sà. Wọ́n ní ká tètè sùn, pé a máa lọ wa amọ̀ míì láàárọ̀."

Mo ní, "Kọ ìyẹn."

Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ tàn án. "Ṣé wọ́n máa fún mi ní máàkì lórí ìkòkò, sà?"

Ìbéèrè yẹn ṣì ń dùn mí. Ta ló sọ fún ọmọ Ìpetumodù, ìlú tí ìkòkò gbé orúkọ rẹ̀ ga, pé ìkòkò ò tó kọ sínú ìwé? Mọdákẹ́kẹ́ tó wà nítòsí wa yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970, fún odidi ọdún mẹ́fà. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, àwọn ọmọ náà ò sì kẹ́yìn nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ á rí èdè tí yóò fi kọ ọ́.

N kò ní kí wọ́n sun ìwé àròkọ wọn níná. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ọ̀gá rẹ̀ á ju ṣòkòtò àlòkù sí i, á ní kó tú u. Ibi tó ti ń fi abẹ tú ojú rírán níkọ̀ọ̀kan ló ti máa rí bí wọ́n ṣe gé ìdí àti bí wọ́n ṣe yọ itan. Bó ṣe yẹ ká máa ka iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn. Àmọ́ ìdánwò á béèrè orúkọ ọnà èdè kan, àwọn ọmọ á kọ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ sílẹ̀, ó parí. Kí ni òǹkọ̀wé fi àfiwé náà ṣe? Kí ló dé tó fi í síbẹ̀ yẹn? Ọmọ tó ń jókòó ti àgbà nílé, tó ń gbọ́ òwe tó sì mọ ẹni tí òwe náà ń bá wí, ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìdánwò AP nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ odidi àròkọ kan lórí bí òǹkọ̀wé ṣe lo ọ̀rọ̀. Tiwa tó bá sì fẹ́ wọ yunifásítì lọ́hùn-ún nípasẹ̀ Common App gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tó jẹ́ láàárín 650 ọ̀rọ̀. Ṣé ìgbì òkun Èkó ló máa kó lọ bá wọn?

Ọmọbìnrin náà tún tirẹ̀ kọ. Gírámà rẹ̀ ṣì ń mẹ́hẹ níbi mélòó kan, ó sì bi mí ní orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ṣúkù àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe ara ìkòkò lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní kó kà á fún kíláàsì. Ìgbà tó dé ibi tí ìyá àgbà ti ní kí wọ́n tètè sùn, ó dákẹ́, torí ibẹ̀ ló parí sí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí kò kọ bó ṣe dun ìyá náà tó. Ọmọkùnrin kan tí kì í dáhùn ìbéèrè nawọ́ sókè lẹ́yìn.

"Tó bá ti sọ ọ́, sà, a ò ní máa wo iná yẹn mọ́."