Ìbẹ̀rù Kì Í Ṣe Ìwà

Ẹ̀sùn kan wà tó ń jà rànyìn láti Ọyẹ́ dé Ìkọ̀lé, láti Ìfàkì dé Ìdó, nílẹ̀ Èkìtì, pàápàá nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìsinmi wálé: wọ́n ní fìlọ́sọ́fì ń ba ọmọ jẹ́. Ọmọ tí wọ́n rán lọ sí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọyẹ́ (FUOYE) pẹ̀lú Bíbélì lábíyá ti padà dé, ó ń bèèrè pé kí ló dé gan-an tí irọ́ fi burú. Ìyá á ké, bàbá á bínú, wòlíì á ní kí wọ́n mú un wá fún ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èmi kò sí lẹ́yìn ìyá, n kò sí lẹ́yìn bàbá, n kò sì sí lẹ́yìn wòlíì. Ẹ̀yìn ọmọ náà ni mo wà, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ láìfepo bọyọ̀.

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tí wọ́n máa ń fi na irú ọmọ bẹ́ẹ̀: Kólósè orí kejì, ẹsẹ kẹjọ, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ nípa ìmọ̀ tó lè múni nígbèkùn. Ó dára. Kí ló dé tí wọn kì í ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlógún? Pọ́ọ̀lù kan náà ló ń bá àwọn ọmọlẹ́yìn Epicurus àti àwọn Stoic jiyàn ní Áténì, tó tún ń fi ọ̀rọ̀ àwọn akéwì wọn ti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn. Ta ni ó mọ ewì àwọn ará Gíríìkì láìjókòó tì í? Ẹ tún padà sẹ́yìn, sí Jẹ́nẹ́sísì orí kejìdínlógún. Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ pa Sódómù run, ta ló dìde tó bèèrè bóyá Onídàájọ́ ayé yóò ṣe ohun tí kò tọ́, tó dúnàá dúrà láti orí àádọ́ta olódodo títí ó fi dé orí mẹ́wàá? Ábúráhámù ni, bàbá ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó wá gbààwẹ̀.

Ìbéèrè Ábúráhámù yìí súnmọ́ èyí tí Plato fi sí Socrates lẹ́nu nínú ìwé tó ń jẹ́ Euthyphro: ṣé nítorí pé àwọn òòṣà fẹ́ nǹkan ni nǹkan náà fi dára, àbí nítorí pé ó dára ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ? Láàárín àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn Mu'tazila àti àwọn Ash'ari ti fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Tiwa ńkọ́? Àgbà tó kọ́kọ́ wí pé, òòṣà, bí o kò bá lè gbè mí, fi mí sílẹ̀ bí o ṣe bá mi, ti mú ìhà tirẹ̀ nínú àríyànjiyàn náà. Ó ti gbé òòṣà fúnra rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìwàkiwà òyìnbó ni ọmọ náà kó wálé.

Ohun tí à ń pè ní ìwà rere nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ìbẹ̀rù ni. Má jalè, wọ́n á mú ọ. Má purọ́, iná ń bẹ lọ́run. Má ṣe báyẹn, kí ni aráyé á wí? Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní Ìrè, ìlú Ògún, kò sẹ́ni tí yóò fi ọ̀rọ̀ irin ṣeré, bẹ́ẹ̀ ni olóṣèlú tó ń fi ẹ̀rín gbé Bíbélì tàbí Kùránì sókè lọ́jọ́ ìbúra kò ní gbà kí wọ́n gbé àdá síwájú òun. A máa ń fi èyí yangàn bí ẹni pé ògo àṣà wa ni. Ẹ̀sùn ni. Ohun tó ń wí ni pé níbi tí irin kò bá sí, òótọ́ kò sí níbẹ̀.

Plato tún sọ ìtàn kan ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn tó yẹ kí wọ́n máa sọ ní gbogbo ilé-ìwé Èkìtì. Olùṣọ́-àgùntàn kan rí òrùka kan nínú ilẹ̀ tó lanu. Bó bá ti yí ojú òrùka náà sínú, ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́. Àféèrí gidi. Kí ló fi ṣe? Ó wọlé tọ olorì, ó pa ọba, ó gorí ìtẹ́. Ìbéèrè tí Plato fi sílẹ̀ fún wa ni pé ẹni tó bá ní àféèrí, tí ọlọ́pàá kò lè rí, tí aládùúgbò kò lè rí, kí ló kù tó lè mú un ṣe rere?

Lónìí, gbogbo ọmọ tó ní fóònù ló ní àféèrí. Ọmọkùnrin kan jókòó sínú yàrá ní Ayégbajú, ó sọ ara rẹ̀ di sójà Amẹ́ríkà fún opó kan tó wà ní òdìkejì òkun, ó sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì obìnrin náà díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe kíláàsì fìlọ́sọ́fì ni irú ọmọ yìí ti jáde. Ilé ìjọsìn ni wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì mọ Òfin Mẹ́wàá láti òkè dé ilẹ̀. Ìbẹ̀rù nìkan ni wọ́n fi kọ́ wọn. Nígbà tí ìbẹ̀rù kò rí wọn mú, kò sí nǹkan mìíràn nínú ilé. Nígbà tí ọmọkùnrin náà bá wá ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńkọ́? Ìyá á jó. Wọ́n á fún un ní àga iwájú ní ìkórè. Láyé àwọn bàbá wa, ọmọ tó bá mú ohun tí a kò rà fún un wọlé, etí ni wọ́n á fi fà á padà síbi tó ti mú un. Níbo lo ti rí i? Ìbéèrè ìwà àkọ́kọ́ nínú ilé Yorùbá nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dẹ́kun bíbéèrè rẹ̀ lẹ wá ń bínú sí ọmọ tó ṣì ń bèèrè.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ẹni tó bá wọ kíláàsì fìlọ́sọ́fì ló ń gbọ́n jáde. Àárín ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn ń há sí. Ọmọ náà á gbọ́ pé ohun tó jẹ́ èèwọ̀ níbí kì í ṣe èèwọ̀ lọ́hùn-ún, á wá là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo ilé pé kò sí rere, kò sí búburú, ojú tí kálukú bá fi wò ó ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú ju ìwàásù wòlíì lọ. Wòlíì ṣì gbà pé ohun kan tọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ Èkìtì tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ rántí ogun Kírìjì. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn jókòó sí ìlú wa, wọ́n ń gba ohun tó wù wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó wù wọ́n. Ní 1878, Fábùnmi gbéjà kò wọ́n ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Èkìtìparapọ̀ dìde, ogun náà kò sì rí àdéhùn títí di 1886. Ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó túká. Ìbàdàn náà ní ojú tí wọ́n fi wò ó! Agbára ló ni ilẹ̀ lójú tiwọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ojúwòye, kí ni àwọn baba ńlá wa jà fún? Wọ́n jà nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ìyà náà kò tọ́, ẹnikẹ́ni tí ì báà máa fi jẹni. Òṣùwọ̀n kan náà sì bá wa wí: àwa náà ní ẹrú, a ní ìwọ̀fà, a ń ta èèyàn. Ẹni tó bá gbà pé ajẹ́lẹ̀ burú ní láti gbà pé èyí náà burú. Bí ọmọ bá ronú dé ibẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀ kálukú-ló-mọ̀ mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ń sọ. Ọmọ tó bá foríti í kọjá àárín ọ̀nà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan fúnra rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ látilé pé ẹni tó fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ó wá ka Kant, ará Jámánì tó kọ ìwé rẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ ìwà ní 1785, ó rí i pé ìyàtọ̀ díẹ̀ wà. Òwe wa ń wo ìrora. Kant ń bèèrè bóyá ohun tí o fẹ́ ṣe ṣeé sọ di òfin fún gbogbo ayé. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n fi èkísípò ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó pa á rẹ́, kì í ṣe nítorí ọ̀run àpáàdì, bí kò ṣe pé ìdánwò tí gbogbo èèyàn bá jí wò kì í ṣe ìdánwò mọ́, ìwé-ẹ̀rí tó bá tinú rẹ̀ jáde kò sì ní jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹ sọ fún mi, nínú ẹni yìí àti ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má mú òun, ta lẹ fẹ́ kó ya àwòrán afárá tí ẹ óò gbà kọjá? Ìkọ̀lé ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹnjiníà FUOYE, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí yín.

Bí mo bá fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àwọn tó ń gé ẹ̀kọ́ náà ní ìgékúgèé ni. Lábẹ́ ètò tuntun àjọ NUC, GST 212 lórí fìlọ́sọ́fì, lọ́jíìkì àti ìgbé-ayé ẹ̀dá jẹ́ dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nílẹ̀ yìí, yúníìtì méjì. Kí lọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń ṣe? Wọ́n kó èrò rẹpẹtẹ sínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n ta ìwé pélébé fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n mú A tàbí B lórí kọ̀ǹpútà: ní ọdún wo ni wọ́n pa Socrates? Ọdún 399 kí wọ́n tó bí Jésù ni, kò sì tún ìwà ẹnikẹ́ni ṣe. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè lórí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́la. Ní 1991, dókítà kan gbà fún obìnrin Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó kọ ẹ̀jẹ̀, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ ìbáwí àwọn dókítà dá dókítà náà dúró fún oṣù mẹ́fà. Ní 2001, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre, pé ẹni tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú. Ṣé ìdájọ́ náà tọ̀nà? Ẹ fún wọn ní wákàtí kan, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá bó bá wù wọ́n. Sophie Olúwọlé, ọmọ Ìgbàrà-Òkè, ẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì Nàìjíríà, ní Ìbàdàn ní 1984, lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti fi hàn pé Ọ̀rúnmìlà tó ẹni tí a ń bá Socrates gbé sórí ìjókòó kan náà. Adó ni ilé Ifá, a sì ń kọ́ ọmọ Èkìtì ní ìrònú bí ẹni pé ọkọ̀ òkun ló gbé e wá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí èyí tó ń dun gbogbo wa. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kìíní 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì, ti Ìmòjò àti ti Èsùn, ní apá àríwá Èkìtì yìí. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré. Láti ìgbà náà, kò sí ìdílé tí kò ti rò ó wò: bí wọ́n bá pè wá lóru pé ká mú owó wá, kí la óò ṣe? Ọmọ tó ń kọ́ fìlọ́sọ́fì bèèrè nínú ìpàdé ẹbí pé, owó tí a bá san yìí, ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n máa fi ra ìbọn tí wọ́n á fi gbé ọmọ ẹlòmíì? Ilé dàrú. Wọ́n ní kò láàánú.

Ó láàánú. Àánú rẹ̀ ti rìn kọjá àgbàlá ilé tirẹ̀ ni, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò mọ̀ rí, tí wọn kò tíì gbé. John Stuart Mill, òyìnbó tó ní ká máa ro àǹfààní àti ìpalára gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pọ̀, ì bá tẹ̀lé e. Èmi kò tẹ̀lé e dé òpin. Bàbá tó ta ilẹ̀ rẹ̀ láti ra ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ kò jẹ̀bi lójú mi, torí pé kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí ọmọ náà kú kí ìṣirò lè bọ́ sí i. Ní Oṣù Kẹrin 2022, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin pé kí ẹni tó bá san owó ìtúsílẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 15, ó kéré tán. Ìwà ìkà gbáà ni mo ka ìyẹn sí. Ẹni tí agbára ààbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ̀; a kò lè gba ọlọ́pàá àti sójà lọ́wọ́ aláìní, ká tún wá fi í sẹ́wọ̀n pé ó ra ohun tí a kò fún un.

Ọmọ náà lè má gbà fún mi. Ó lè ní ọ̀rọ̀ mi dùn ṣùgbọ́n ìbọn ṣì ń dún ní ọ̀nà Òkè-Àkò. Kó jiyàn rẹ̀, mo ti fi ìdí kalẹ̀. Ohun tí n kò ní gbà ni kí wọ́n gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ síwájú wòlíì, nígbà tó jẹ́ pé Adó àti Abùjá ni àwọn tó yẹ kó dá a lóhùn jókòó sí.