Táyà Eré Ìje Kọ́ Ni Táyà Òjò

Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá rí àkọlé yìí nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, wọn yóò béèrè pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń wá nídìí táyà ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ oríkì, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ àṣà tí ó ń kú lọ ni a sábà máa ń kọ síbí lọ́dọọdún, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ya ẹni tí ó bá mọ ilé tí a ti bí mi lẹ́nu. Fọ́kànáísà ni bàbá mi ní Ìbàdàn. Kí n tó mọ àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ ni mo ti mọ àmì ẹ̀gbẹ́ táyà. Títí di òní olónìí, bí a bá ti gba ìsinmi, ìdí ẹ̀rọ atẹ́gùn ni ẹ ó ti bá mi. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni ó mú mi kọ ìwé yìí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ọkọ̀ Jámánì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Táyà mẹ́rin wà nínú búùtù rẹ̀. Táyà náà fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú, ìlà tí ó wà lójú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ibi tí táyà mìíràn ti ní ihò gbọọrọ mẹ́rin tí ó yí i ká, méjì péré ni èyí ní. Tòkunbọ̀ ni. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi wọ́n sí i. Táyà tí wọ́n fi ń sá eré ìje nílùú òyìnbó ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí àtè ni."

Bàbá mi fi ọwọ́ pa ojú táyà náà, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún òun, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo kà á. Ó wá ní, "Ọmọ mi, irọ́ kọ́ lo pa. Wọ́n fi sá eré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀. Níbo ni omi yóò gbà?" Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí bàbá má ṣe ìyọnu, òun mọ ọkọ̀ wà. Bàbá mi kò jiyàn mọ́. Owó ọjọ́ náà kò tíì wọlé, èmi náà sì mọ̀ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ mi wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi gan-an ni mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí òjò ńlá kan rọ̀ bá a lọ́nà, ó ń ti Èkó bọ̀. Lẹ́bàá Ògèrè, omi ti dúró sójú títì. Ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ kò gbọ́. Ó yí sítíárìn, ọkọ̀ kò gbọ́. Ó di inú ògiri tí ó la ọ̀nà láàárín. Ọlọ́run yọ ọ́, ẹsẹ̀ kan ni ó kán, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti di pàǹtí. Nígbà tí ó fi igi rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Bàbá mi kò lè wò ó lójú. Èmi náà kò lè wò ó.

Ẹni tí ó ta táyà náà fún un kò purọ́. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ibòmíràn ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibẹ̀ fún yín.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni ó máa ń lọ sí Brands Hatch. Pápá eré ọkọ̀ ni ibẹ̀. Irú rẹ̀ ni Silverstone, níbi tí wọ́n ti sá eré àkọ́kọ́ nínú ìdíje Formula One ti gbogbo àgbáyé ní 1950. Ní ọjọ́ tí kò bá sí ìdíje, ẹni tí ó bá ní ìwé ìwakọ̀ lè san owó, kí ó gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ wọ inú pápá, kí ó sì sá a bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Kò sí ife-ẹ̀yẹ, kò sí ẹni tí ó gbégbá orókè. Wọn a sá a fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, wọn a jáde kí ara ọkọ̀ balẹ̀, wọn a tún wọlé. Bí wọ́n bá ṣe tán, ọkọ̀ kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi yóò gbé lọ sílé, òun náà ni yóò gbé lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ táyà ti di ìṣòro. Irú táyà wo ni kí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ilé ní gbogbo ọdún, tí ó sì di ẹṣin ìje ní ọjọ́ mẹ́ta péré?

Rọ́bà táyà eré ìje rọ̀. Bí ó bá tutù, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, àfi bí ó bá gbóná ni yóò tó di ilẹ̀ mú. Wọ́n dín ìlà ojú rẹ̀ kù kí rọ́bà tí ó kan ilẹ̀ lè pọ̀ sí i. Gbogbo èyí dára nínú pápá nígbà tí oòrùn bá wà, níbi tí kò sí kòtò, tí kò sí tírélà, tí kò sí ọlọ́kadà tí yóò yọ láti ọ̀nà tí kò yẹ, tí ó sì jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá yọ̀, inú òkúta wẹ́wẹ́ tí a dà sílẹ̀ dè é ni yóò lọ jókòó sí. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, kò ní òkúta wẹ́wẹ́ tí ń dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹwà ni ìlà tí ó wà lójú táyà. Ọ̀nà omi ni. Bí táyà bá ti ń yí nínú òjò, àwọn ihò náà ni ó ń gba omi lábẹ́ rẹ̀ kúrò kí rọ́bà lè kan ọ̀dà. Bí eré bá pọ̀ jù tàbí bí ihò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán, omi kò ní rí ibi gbà mọ́, táyà yóò sì gun orí omi bí ọkọ̀ ojú omi. Nígbà náà, bíréèkì àti sítíárìn ti di ohun ìṣeré lọ́wọ́ awakọ̀. Táyà ọkọ̀ kékeré tí ó jẹ́ tuntun sábà máa ń ní ihò tí ó jìn tó nǹkan bíi mílímítà 8. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó bá ti wálẹ̀ ju mílímítà 1.6 lọ, òfin ti dé. Ihò táyà eré ìje kì í sábà jìn tó bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ pàápàá. Mélòó ni yóò ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ti lò ó tì níbẹ̀, tí ó sì wọkọ̀ ojú omi wá bá wa?

Ẹ̀gbẹ́ táyà kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tí ó bá lè kà á. Ẹ mú 205/55R16 91V. 205 ni ìbú rẹ̀ ní mílímítà. 55 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú 100 ìbú náà. 16 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. 91 ni pé táyà kan lè ru kílógíráàmù 615, V sì ni pé a kò gbọdọ̀ fi sáré ju kìlómítà 240 lọ ní wákàtí kan. (Kìlómítà 100 ni òfin gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè láti sá lórí ọ̀nà márosẹ̀ wa, nítorí náà n kò mọ ẹni tí ó ń lé àwọn tí wọ́n ń fi lẹ́tà W àti Y yangàn fún mi.) Lára táyà púpọ̀, ẹ ó tún rí ọ̀rọ̀ náà TREADWEAR pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Bí nọ́ńbà yìí bá ti kéré tó ni táyà náà máa ń tètè jẹ tó, ó sì sábà jẹ́ pé rọ́bà rẹ̀ rọ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń dán tirẹ̀ wò, kì í ṣe òṣùwọ̀n tí a lè fi búra, ṣùgbọ́n ó ń tọ́ni sọ́nà. Michelin Pilot Sport Cup 2, tí wọ́n ṣe nítorí pápá, jẹ́ 180. Pilot Sport 4 S, tí wọ́n ṣe nítorí títì tí ó sì lè fara da pápá díẹ̀, jẹ́ 300. Ọ̀pọ̀ táyà tí bàbá mi ń fi sí ọkọ̀ àwọn olùkọ́ wa ju 400 lọ.

Èyí tí mo kà fún bàbá mi lọ́jọ́ náà jẹ́ 200. Lẹ́yìn DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn jẹ́ 2316, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tí ó bá ti gbóná tí ó ti tutù nígbà púpọ̀, tí ọjọ́ sì ti gun orí rẹ̀, a máa le. Nítorí náà, rírọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn torí rẹ̀ ra táyà náà ti lọ. Ihò tí ìbá gbà á lọ́wọ́ òjò kò sì sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi táyà kan ṣe títì àti pápá pọ̀, ọjọ́ òjò ni kí ó fi yàn án. Kí ó kọ́kọ́ bi táyà léèrè bí yóò ti ṣe nínú omi, lẹ́yìn náà ni kí ó tó béèrè eré. Ohun tí yóò pàdánù nínú pápá kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, kò sì sí ẹni tí yóò gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó bá wà, kí ó ní rímù mẹ́rin mìíràn fún táyà pápá, kí ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ lọ, kí ó pààrọ̀ wọn níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Cup 2 ni ó ń lò láti ìgbà tí òtútù bá ti lọ títí yóò fi padà. Ó ní bí òjò bá dé, òun a dín eré kù, ó parí. N kò lè sọ pé kò ní ọgbọ́n nínú, nítorí kò sí táyà tí ó gba òmùgọ̀ là. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ní ọ̀nà tirẹ̀, bí ó bá dín eré kù, àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà yóò dín in kù. Níhìn-ín, bí o bá dín eré kù nínú òjò, bọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́yìn rẹ yóò fọn fèrè bí ẹni pé o jí i lówó gbé. A kò tíì parí àríyànjiyàn náà.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́ ìlàjì rẹ̀. Nínú pápá, bí táyà bá gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ a wú, àwọn awakọ̀ a sì jò ó díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe a tún un fà sí i kí ó tó kúrò nínú ọgbà. Àwọn awakọ̀ wa náà ń jò ó nítorí oòrùn, wọ́n ní kí ó má baà bẹ́, wọn kò sì fà á sí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àìtó atẹ́gùn gan-an máa ń mú kí ẹ̀gbẹ́ táyà máa ká, kí ó máa gbóná, títí yóò fi bẹ́ lábẹ́ ẹrù. Ìwọ̀n tí ó yẹ wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni a ń wọ̀n ọ́n.

Táyà òtútù náà ń bẹ láàárín tòkunbọ̀. Àwòrán òkè mẹ́ta pẹ̀lú ìrì dídì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fún ibi tí òtútù bá ti wálẹ̀ tó ìwọ̀n 7 ni wọ́n ṣe é. Ẹ bi ara yín bóyá Ìbàdàn rí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: táyà tuntun wọ́n. Òótọ́ ni, ó wọ́n, n kò sì ní fi ẹnu mi rọ olówó oṣù kékeré sínú gbèsè. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop ti Ìkẹjà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró láìpẹ́ sí ìgbà náà. Kọ́sítọ́ọ̀mù ka táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọ̀lú, síbẹ̀ ó kún ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lówó ra táyà eré ìje àlòkù mẹ́rin kì í ṣe òtòṣì. Iye tí ọmọkùnrin yẹn san, bí ó ti sọ ọ́ fún wa lẹ́nu ara rẹ̀, ì bá ra táyà tuntun méjì gidi fún un, kí ó sì fi oṣù díẹ̀ sí i láti ra méjì yòókù.

Láti ìgbà náà, bàbá mi kì í fi táyà sí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a kà á sókè kí olówó rẹ̀ gbọ́. Àwọn kan a bínú lọ sí ìsọ̀ tí ó kọjú sí tiwa. Ní ìsinmi yìí, èmi ni n ó máa kà á. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ kí a bá òun wo tirẹ̀ kí òjò tó dé, kí ó wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì, kí a jọ bẹ̀rẹ̀ wò ó. A kì í gba kọ́bọ̀ lórí ìwé kíkà.