Epo Pupa Nínú Ẹ́ńjìnnì Dísù: Ó Ṣeé Ṣe, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Pé Wa?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,

Láti ìgbà tí epo dísù ti gbówó lórí, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi àwa òṣìṣẹ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀: ṣé a kò lè rọ epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà sínú ọkọ̀ akẹ́rù, sínú katakata, tàbí sínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ gbáàgúdá? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ìdáhùn mi kò gùn: ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n epo tí ènìyàn lè jẹ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a máa sun nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí ẹ́ńjìnnì yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáradára ní ọdún 1897. Ní ọdún 1900, níbi àfihàn ńlá tí a ṣe ní ìlú Paris, wọ́n fi òróró ẹ̀pà mú ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1937, G. Chavanne ti Yunifásítì Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi lè sọ epo ọ̀pẹ di epo ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 1938, bọ́ọ̀sì akérò kan fi irú epo bẹ́ẹ̀ ná ọ̀nà Brussels sí Louvain. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Chavanne kò rọ epo pupa lásán sínú táńkì. Ó kọ́kọ́ yí i padà ná. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Epo pupa ki ju dísù lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fọ́n epo kò sì tó ojú abẹ́rẹ́. Bí epo bá ki, kì í fọ́n ká bí ìrì. A máa kán ní ẹ̀kán ńláńlá, kì í sì í jó tán. Èyí tí kò jó a di èédú lẹ́nu nọ́sù, a mú kí ríǹgì písítìnnì lẹ̀ pa, a sì ṣàn sọ̀kalẹ̀ lọ ba ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jẹ́ títí yóò fi ki bí ògì. Ewu rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì lè kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹni tí ó dán an wò yóò máa pe aládùúgbò wá wò ó. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ ni àkàrà tó ń tú sépo. Ẹ sì rántí ọyẹ́: epo pupa tí ó ń dì nínú ìgò ní òwúrọ̀ yóò dì nínú páìpù ọkọ̀ bákan náà.

Irú ọ̀nà tí Chavanne là ni ayé ń tọ̀ títí di òní. A máa ń po epo mọ́ ọtí líle bíi mẹ́tánọ́ọ̀lù àti sódà, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń lò. Bí a bá ṣe é dáradára, nǹkan bí kílò 10 gìlísárìnnì a yọ jáde lára kílò 100 epo, èyí tí ó kù a sì fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n májèlé ni mẹ́tánọ́ọ̀lù, iná rẹ̀ kì í sì í hàn kedere lójú ọ̀sán. Sódà a máa bó ènìyàn lára. Epo tí ó ti kan a sì máa di ọṣẹ mọ́ni lọ́wọ́. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé.

Ìdí kejì ni owó. Ooru tí ó wà nínú kílò kan epo pupa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí ti dísù. Nítorí náà, bí iye lítà méjèèjì bá dọ́gba, òfò ni sísun epo pupa. Mo mọ̀ pé ní nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ọdún, nígbà tí ẹyìn bá pọ̀, owó epo a wálẹ̀, ọkàn ẹlòmíràn a sì fà sí táńkì. Ìgbà náà gan-an ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ kó epo pamọ́ sínú ohun èlò tí ó mọ́, tí omi kò sí nínú rẹ̀, títí di ìgbà tí ẹyìn yóò wọ́n tí owó epo yóò sì gòkè.

Ẹnìkan lè wí pé: òróró tí a ti fi dín àkàrà ńkọ́? Mo gbà á láyè, bí ó bá jẹ́ fún ẹ́ńjìnnì irú ti àtijọ́ tí ó dúró sójú kan, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀ láìsinmi. Kì í ṣe fún ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí fífọ́n epo rẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ pa ìlànà wọ̀nyí mọ́:

1. Kí táńkì òróró wà lọ́tọ̀. Dísù ni kí ẹ fi tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná.
2. Kí ẹ sẹ́ òróró mọ́ tónítóní, kí omi má sì sí nínú rẹ̀ rárá. Kí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 70 sí 80 ti Celsius kí ó tó dé ẹnu nọ́sù.
3. Kí ẹ padà sí dísù fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì.
4. Kí ẹ máa tètè pààrọ̀ ọ́ìlì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ẹ sì máa kọ wákàtí àti lítà sínú ìwé.

Ní ti epo tí ó ti kan, ẹ tà á fún àwọn tí ń ṣe ọṣẹ. Kíkan rẹ̀ a máa jẹ irin.

Ẹgbẹ́ tí ó ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dán èyí wò rárá. Owó tí gbogbo yín dá jọ ni a fi rà á. Bí ó bá kọṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ ti wú gbáàgúdá sílẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni gbáàgúdá yóò ti máa bàjẹ́. Ìyá tí ó ń retí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ pé ìdánwò ni ẹ ń ṣe.

Mo mọ̀ pé owó dísù ń ni yín lára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò léwu: ẹ máa pààrọ̀ àsẹ́ epo lásìkò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ sí ọjà láìkún, kí àwọn tí oko wọn wà lójú ọ̀nà kan náà sì máa kó ẹrù wọn pọ̀. Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, kí akọ̀wé kọ iye lítà kan dísù àti iye lítà kan epo pupa ní ọjà yín sára pátákó, kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ rí i. Epo pupa wà fún ọbẹ̀ àti fún títà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa jẹ oúnjẹ tirẹ̀.