Ta Ni Kí Ó Máa Kọ Oògùn?

Nígbà tí ibà bá gbé ará Ajégúnlẹ̀ ní Èkó dè lálẹ́, kẹ́míìsì ló máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Ọsibítù ìjọba ní Ajéròmí kò jìnnà, ṣùgbọ́n títò láti rí dókítà lè gba odindi ọjọ́ ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò ọjà Boundary. Ní kẹ́míìsì, wọn yóò ko oògùn sínú ọ̀rá: ti ibà, ti ara ríro, àti kápúsù apakòkòrò mọ́ ọn. Wọn kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹni tó tà á lè má kọ́ ìmọ̀ oògùn rí.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti apoògùn fi yé mi nígbà tí wọ́n ní kí òfin jẹ́ kí àwọn máa kọ oògùn. Iṣẹ́ tí aláìmọ̀ọ́ṣe ti ń ṣe ni wọ́n ń béèrè. Lọ́dún 2014, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde tó pín lára iṣẹ́ dókítà fún nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2006, nọ́ọ̀sì àti apoògùn tó gba àfikún ẹ̀kọ́ ti ń kọ ọ̀pọ̀ oògùn. Nọ́ọ̀sì tó bá ti Ajégúnlẹ̀ dé London lè kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀.

Àwọn dókítà ní kíkọ oògùn rọrùn, mímọ àìsàn ló ṣòro. Òótọ́ ni. Ara gbígbóná lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ taifọ́ọ̀dù, ó lè jẹ́ Lassa. Apakòkòrò tí a ń lò nílòkulò kì í ràn wá mọ́: lọ́dún 2019, kòkòrò tí oògùn kò ràn pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́tàlá ààbọ̀ (1.27 mílíọ̀nù) lágbàáyé, bí a bá sì fi iye olùgbé wò ó, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti pa ènìyàn jù.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni owó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi pẹpẹ, níbẹ̀ ni yóò ti jẹ. Apoògùn tó kọ oògùn tó sì tún tà á, èrè ń fà á lápá. (Dókítà aládàáni tó ń ta oògùn nínú ilé ìwòsàn rẹ̀ kò yọ sílẹ̀.) Nọ́ọ̀sì ìjọba kò jẹ èrè kankan lórí oògùn. Nítorí náà, òun ni n ó kọ́kọ́ fún láyè: kó máa tún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kọ fún ẹni tí dókítà ti yẹ̀ wò, kó sì máa tọ́jú ibà tí àyẹ̀wò bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ti apoògùn ń bọ̀ lẹ́yìn, bí òfin bá ti jẹ́ kó máa gba owó àyẹ̀wò àti ìmọ̀ràn, ìbáà má ta hóró oògùn kan.