Ribọ́ọ̀nù Kò Mọ̀nà Gáréèjì

Ẹ yẹ ojú ewé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta iṣẹ́ ọwọ́ lórí Instagram wò. Òrí wà nínú ike mímọ́lólo, ọṣẹ dúdú gba ribọ́ọ̀nù, káàdì ìdúpẹ́ kékeré sì wà lórí rẹ̀. Ó wu ojú, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró ní gáréèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn, tó rí bí wọ́n ṣe ń ju ẹrù wébíìlì sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mọ̀ pé àpò gàrí ni yóò gun ribọ́ọ̀nù náà lórí.

Ohun tí oníbàárà yóò rí là ń náwó sí; a wá ń ṣahun sí ohun tí yóò jẹ́ kó rí i. Owó páálí ló yẹ kó ṣáájú owó ọ̀ṣọ́.

Òrí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ooru àtẹ́lẹwọ́ lásán ń yọ́ ọ, áńbọ̀sì búùtù ọkọ̀ tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án gangan. Tó bá ti yọ́, ẹnu ìdérí ló ń wá. Bí kò bá tilẹ̀ dà, tó bá tún rọra dì padà, ó máa ń di hóró hóró, oníbàárà á sì ní ẹ po yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má bù ú kún dẹ́nu. Ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹnu ike kẹ́ ẹ tó yí ìdérí rẹ̀ pa, kẹ́ ẹ sì tún di odidi ike náà sínú ọ̀rá mìíràn. Ọkọ̀ àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ fi rán an. Lára káàdì ìdúpẹ́ yẹn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó bá di hóró, kí wọ́n yọ́ ọ pátápátá, kí wọ́n gbé e sínú fíríìjì kó lè tètè dì. Káàdì náà á ti rí iṣẹ́ ṣe.

Ọṣẹ dúdú ní tirẹ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Bébà olówó iyebíye tẹ́ ẹ fi wé e á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ewé tí àwọn ìyá wa ń lò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí bébà bá wù yín, ọ̀rá ni kó kọ́kọ́ kan ọṣẹ.

Àdìrẹ kì í fọ́, ìyẹn ló ń tàn wá jẹ. Aró tí wọn kò fi omi ṣàn dáadáa á kun gbogbo ohun funfun tó bá wà nítòsí rẹ̀ bí ọ̀rinrin bá ti kàn án. Ẹ fi àkísà funfun tútù tẹ ẹ́ wò. Èyí tí kò bá sì gbẹ dénú kó tó wọ ọ̀rá, ebu ni yóò bá a débẹ̀.

Igbá fínfín láti Ọ̀yọ́ ló wá le jù. Àwọn èèyàn rò pé wíwúwo ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ló ń fọ́ ọ; ọ̀pọ̀ ìgbà, gbígbá tó ń gbá ara páálí ló ń fọ́ ọ. Ẹ ki ìwé ìròyìn sínú igbá gan-an, kì í ṣe àyíká rẹ̀ nìkan. Ẹ gbọn páálí létí: bẹ́ ẹ bá gbọ́ ohunkóhun, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ má sì torí ìyẹn wá páálí gàgàrà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fi bàálù kó ẹrù kì í wo ìwọ̀n orí òṣùwọ̀n nìkan. Wọ́n á sọ gígùn, ìbú àti gíga páálí di púpọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á fi 5,000 pín in. Páálí 40 lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ kílò 12.8 lójú wọn, bí igbá inú rẹ̀ ò tilẹ̀ ju kílò kan lọ. Ẹ ki igbá kékeré sínú ńlá, kẹ́ ẹ fi ìwé sáàárín wọn. Bí páálí bá wá di 30, 30 àti 25, kílò 4.5 péré ni wọn yóò gbowó rẹ̀.

Nọ́ńbà fóònù oníbàárà, ẹ kọ ọ́ sí ìta, kẹ́ ẹ lẹ téèpù lé e lórí nítorí òjò, kẹ́ ẹ sì tún kọ òmíràn sínú páálí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán ọjà sí Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n ti fòpin sí àǹfààní tó ń jẹ́ kí ẹrù tí kò ju 800 dọ́là lọ wọlé láìsan owó ibodè. Ìwà ká máa kọ “ẹ̀bùn” sára ọjà títà, tàbí ká dín iye rẹ̀ kù, kò bójú mu tẹ́lẹ̀, ó sì léwu sí i báyìí. Bí ẹrù bá sọnù, iye tẹ́ ẹ kọ yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ tó gbé e yóò kọ́kọ́ nà sí yín.

Bẹ́ ẹ bá fi owó páálí kún owó ọjà, àwọn oníbàárà á ní ó ti wọ́n jù. Ẹ kọ owó páálí sójú ìwé owó, lọ́tọ̀ sí owó ọkọ̀, kí wọ́n rí i kedere. Ẹni tí kò bá fẹ́ san án, ọjà Ìtòkú ò kúrò l'Abẹ́òkúta, kó wá gbé àdìrẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀.