Ẹ̀yin Òǹkọ̀wé Obìnrin, Ẹ Má Fi Ọ̀nà Pamọ́ fún Ara Yín

Láti ọdún 1929 wọ inú ọdún 1930 ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń gbé ìtàn obìnrin kan jáde, obìnrin tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi ń ròyìn bí òun ti lo ìgbà èwe òun nílùú Èkó àti ìyà tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin gidi ni. Ṣùgbọ́n I. B. Thomas, ọkùnrin tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ka ìtàn yìí sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. A jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí obìnrin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìtàn àròsọ wa, ọkùnrin ni ó bá a di kálàmù mú. Iṣẹ́ Thomas dára, a kò sì bá a jà. Ohun tí ó ń jẹ wá lọ́kàn ni pé lẹ́yìn ohun tí ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka orúkọ òǹkọ̀wé Yorùbá mẹ́wàá, Fágúnwà, Fálétí, Ìṣọ̀lá, Òkédìjí ni yóò máa kà lọ. Ó lè ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán láìdárúkọ obìnrin kan ṣoṣo.

Kì í ṣe pé obìnrin ilẹ̀ wa kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ta ni ó ń sun ẹkún ìyàwó ní Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́? Ta ni ó ń ki ọkọ, tí ó ń ki ọmọ, tí ó ń ki òkú àgbà lọ́jọ́ ìsìnkú? Karin Barber, tí ó gbé Òkukù ní àwọn ọdún 1970, tí ó sì tẹ ìwé I Could Speak Until Tomorrow jáde ní ọdún 1991, fi hàn wá bí ọwọ́ àwọn obìnrin ilé ti kún fún oríkì tó ní ìlú náà. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ìyàwó a máa tẹ̀ lé àwọn àgbà obìnrin ilé lọ sí òde ìnáwó. A máa tẹ́tí, a máa gbè lẹ́yìn wọn, títí ẹnu tirẹ̀ náà yóò fi yọ. Ọmọbìnrin tí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ kì í dá ẹkún rẹ̀ hun. Àgbà a kọ́ ọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a bá a gbè é. Bí ó bá ṣi ibì kan sọ, wọ́n a tọ́ ọ sọ́nà kí ó tó dé iwájú bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń bẹ̀rù pé ẹlòmíràn yóò jí òun ní oríkì gbé.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ sórí ìwé ni oníkálukú tilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹni tí ó ti tẹ ìwé jáde kì í sọ iye tí òǹtẹ̀wé san fún un. Ẹni tí wọ́n dá ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ padà, ìtìjú ni yóò fi gbé e sábẹ́ ibùsùn. (Àwọn ọkùnrin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdí ayò àti ìdí ẹmu tí àṣírí ti ń tú.) Nígbà tí ọmọ Yorùbá, Phebean Itayemi, tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Ogundipe lẹ́yìn náà, gba ẹ̀bùn ní ìdíje ìtàn kíkọ ti British Council ní ọdún 1946, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìtàn rẹ̀. A kò dá a lẹ́bi. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wá, ọ̀nà yẹn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin wa tí ó lókìkí ń gbà.

Ẹ wo Flora Nwapa ti ilẹ̀ Ìgbò, kí ẹ rí ohun tí ìfọ̀nàhanni lè ṣe. Chinua Achebe ni ó fi ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Achebe kà á, ó sì darí rẹ̀ sí Heinemann, tí ó tẹ Efuru jáde ní ọdún 1966. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1970, obìnrin yìí dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí a ṣílẹ̀kùn fún wá di onílẹ̀kùn.

Kí ni ó yẹ kí àwọn obìnrin tiwa máa kọ́ ara wọn? Àkọ́kọ́ ni àkọtọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ìtàn kún inú wọn ni ó ṣì ń kọ aiyé, enia àti nwọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kà á nínú Bíbélì àtijọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé láti ọdún 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí ayé, ènìyàn àti wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn ń kọ ọ́ láìfi àmì sí i rárá. Olóòtú tí ó bá ti rí èyí ní ojú ewé kìíní kì í sábà dé ojú ewé kẹta. Bẹ́ẹ̀ wákàtí mélòó kan ni olùkọ́ kan lè fi kọ́ aládùúgbò rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ sì ni ìpalọ́lọ́ ti ń pani lára jù lọ. Bí àdéhùn bá sọ pé òǹkọ̀wé yóò gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ béèrè: ti iye tí a kọ sí ẹ̀yìn ìwé ni, àbí ti iye tí ó wọ àpò òǹtẹ̀wé? Ká ní 2,000 náírà ni a ń ta ìwé kan, tí òǹtẹ̀wé sì ń kó o fún àwọn alátùtà ní 1,200. 200 náírà ni òǹkọ̀wé yóò gbà lórí ti àkọ́kọ́, 120 péré lórí èkejì. Bí 3,000 ẹ̀dà bá tà, 600,000 ni ọ̀kan, 360,000 sì ni èkejì. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023 fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ yìí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbígbé e fún ẹlòmíràn pátápátá kò fìdí múlẹ̀ àfi bí ó bá wà ní kíkọ sílẹ̀. Obìnrin tí ó bá fọwọ́ síwèé láìkà á lè ti fi ogún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tọrẹ.

Àwọn tí ń fi owó ara wọn tẹ̀wé náà ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀dọ̀ National Library of Nigeria ni a ti ń gba nọ́ńbà ISBN, òfin ọdún 1970 sì ní kí a fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ síbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé obìnrin kò ráyè ìpàdé. Wọ́n ráyè àjọ, wọ́n ráyè ẹgbẹ́ aṣọ-ẹbí. Kí àwọn olùkọ́ Yorùbá lóbìnrin, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àti ní yunifásítì, ya Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣù, kí wọ́n sì pe àwọn ìyá àgbà tí ó mọ oríkì mọ́ra, ìbáà jẹ́ pé wọn kò mọ̀wé. Bí a bá ka ìtàn sétí ìyá bẹ́ẹ̀, òun ni yóò sọ pé ìyàwó kì í fèsì báyẹn níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ohun tí olóòtú ọ̀dọ́ kò ní mọ̀. Kí ẹni tí ó ń kọ̀wé lọ́wọ́ ka ojú ewé márùn-ún fún wọn. Kí ẹni tí àdéhùn rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí mú un wá, kí wọ́n jọ kà á sókè, gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì, títí kan iye owó tí ó wà níbẹ̀.