Nọ́ọ̀sì, ẹ má kàn gbé inhaler lé wa lọ́wọ́

1. Ẹ̀yin tèmi, èrò mi rèé: nọ́ọ̀sì tó fún alásímà ní inhaler láì sọ pé "ó yá, ẹ lò ó kí n rí i" ò tíì parí iṣẹ́.

2. Gbogbo inhaler kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ kan náà. Salbutamol, tó sábà máa ń jẹ́ búlúù, ń ṣí ọ̀nà èémí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmọ́ wíwú inú ibẹ̀ ò lọ. Èyí tó ní steroid ló ń mú un rọlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, kódà tí ara bá le.

3. Torí pé búlúù ló ń tètè jẹ́, òun nìkan lọ̀pọ̀ ń lò. Ibẹ̀ ni ewu wà. Látọdún 2019 ni GINA, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà kárí ayé, ti ní kí àgbà àti ọ̀dọ́ má fi salbutamol nìkan tọ́jú ásímà.

4. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé èyí fún ìyá àgbà tí ò lè ka ìwé ara páálí? Nọ́ọ̀sì ni. Kó tún sọ fún un pé tó bá ti fa ti steroid tán, kó fi omi yọ ẹnu, kí ẹnu má bàa hu funfun.

5. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ò tó, èrò sì pọ̀. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn lè gba ẹ̀mí là. Tí wọn ò bá bi yín, ẹ̀yin ẹ sọ ọ́: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bóyá mo ń lò ó dáadáa."